Ẹ Má Kí Ọkọ Mi

Bí dókítà bá ti sọ fún ọ pé tẹtanọ́ọ̀sì ló mú ẹni tí o fẹ́ràn, jókòó kí o gbọ́ tẹnu mi. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìyá Bísí ni wọ́n ń pè mí ní Adja-Ouèrè, epo pupa ni mo ń ṣe tà. Nígbà tí rẹfolúṣọ́ọ̀nù, ìyẹn ìjọba àyípadà, dé tí wọ́n ní kí àwa àgbà wá kọ́ ìwé ní èdè wa, mo lọ, ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fi ń kọ èyí. Àìsàn náà ti mú ọkọ mi ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmì. Ó ti pẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹnu ṣì ń yà mí bí ẹni pé àná ni.

Ọkọ mi, Ògúndélé, adẹ́mu ni. Lọ́nà Massè ni àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ wà, kò sì sí èyí tó ga jù fún un nínú wọn. Bí ó bá ti so igbà mọ́dìí, á gòkè bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀. Ó léjìí. Mi ò ní purọ́ fún yín, èjí yẹn ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú kí n tó mọ̀ pé ó níwà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ èjí yìí sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ lóko. Ta ni ẹ̀gún ọ̀pẹ kì í gún ní ìlú wa? Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọ́, ó bu erùpẹ̀ ilẹ̀ fi dí ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbogbo adẹ́mu ṣe ń ṣe, ó sì gun ọ̀pẹ mìíràn. Nígbà tó délé, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọ̀pẹ náà ń jowú ni. Ojú ibẹ̀ jinná. A gbàgbé rẹ̀ pátápátá.

Ó yá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀, ó sì ń wò ó. Ó ní ẹnu òun ń le, òun kò lè là á tó bó ṣe yẹ. Mo ní, "Ẹnu tó ń tọ́ ẹmu wò látàárọ̀ dalẹ́, bí kò bá rẹ̀ ẹ́, kí ló máa ṣe é?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ó fọ ẹ̀kọ náà mu. Lọ́jọ́ kejì, ọrùn rẹ̀ le, ó ní bóyá bí òun ṣe fi orí lé ìrọ̀rí sùn ni kò dára. Mo fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù bà nínú wa. Ta ló ń bẹ̀rù ọrùn líle?

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fà sẹ́yìn, eyín rẹ̀ yọ síta, ìpéǹpéjú rẹ̀ gòkè, ó sì wá dà bí ẹni tí wọ́n pa ní ẹ̀rín tí kò lè dákẹ́. Bísí ọmọ wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀rọ̀ sọ, rẹ́rìn-ín padà sí i, ó pàtẹ́wọ́. Omijé sì ń dà lójú baba rẹ̀. Mo gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ kíákíá. Mi ò tíì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tó ń sunkún tí ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Bàbá Kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá ọkọ mi, gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá, a gbé ọkọ mi sórí rẹ̀, a rọra ń tì í lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn ti kún abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ibẹ̀, àwọn tó wá láti Kpoulou ti ń dúró láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Wọ́n sún fún wa lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́ wo ọkọ mi títí, ó ní, "Ẹ̀yin, kí ló ń pa bàbá yìí lẹ́rìn-ín? Àwa níṣòro, òun ń fi wá ṣẹ̀sín." Àwọn kan dá a lóhùn pé ẹni tí inú rẹ̀ dùn tó báyìí, ẹ̀yìn gbogbo wa ló yẹ kó tò sí. Mo la ẹnu láti sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀rín.

Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà pa, gbàà! Ọkọ mi gan. Ara rẹ̀ na tàn-àn lórí bẹ́ǹṣì, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ké láàárín eyín rẹ̀ tó pàdé mọ́ra. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ yẹn fi ìró bo ojú ọmọ rẹ̀. Dókítà sáré jáde.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ níbẹ̀ la ń pè ní dókítà, bí gbogbo ará oko ṣe máa ń pè wọ́n. Ọmọ Ègùn ni, ó ń fi ahọ́n Ègùn sọ Yorùbá wa. Ó wo ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Ṣé nǹkan gún un lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

Bàbá Kékeré ní, "Rárá o. Kò sí egbò kankan lára ọmọ mi. Aráyé ló ṣe é."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ ọkọ mi sókè. Àpá náà wà níbẹ̀, àmì dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo ní, "Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni. Ṣùgbọ́n ó ti jinná, Dókítà. Ó ti jinná!" Ó wo ibẹ̀, ó mi orí. Ẹ̀gún! Ẹ̀gún tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí ó ti sọ nù sóko!

Ó gún un ní abẹ́rẹ́ bíi mélòó kan, ó fọ ojú àpá náà, lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Bísí, gbọ́ mi dáadáa. Oògùn tí mo ní, mo ti fún un. Ìyókù wà ní Pobè. Ọkọ̀ ni yóò gbé ọkọ rẹ lọ síbẹ̀, tí ẹ bá gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà yóò mì í pa. Láti ọ̀sán yìí, ilẹ̀kùn wa ti tì di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èmi fúnra mi máa gbé alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì mi lọ wá ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìwọ náà wo ojú ọ̀run. Tí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, ó di ọjọ́ Ajé kí o tó rí mi. Gbé e lọ sílé. Inú òkùnkùn ni kó wà. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án láìnídìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ sókè. Ariwo ló máa pa á."

Mo ní, "Ariwo?"

"Ariwo. Kódà, ẹ má kí i."

"Dókítà, Yorùbá ni wá o."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí nìyẹn."

Ọkùnrin mẹ́rin fi ẹní gbé e délé. Mo fi aṣọ dí fèrèsé, mo kó adìẹ kúrò lágbàlá, mo da epo sí ìdí ilẹ̀kùn kó má baà han. Mo gbé Bísí fún ìyá mi. Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi, nítorí ó ń dún bí mo bá tẹ̀ síwájú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí bí ara yẹn ṣe ń gan yóò bọ́ ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Omi ńkọ́? Ẹnu rẹ̀ kò là mọ́. Mo dá a sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, mo ri òwú bọ omi, mo sì ń fún un ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan gba àárín èjí rẹ̀. Èjí tí mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ ni omi ń gbà wọlé sí i lára. Mo ń fún òwú, mo ń sunkún, mi ò jẹ́ kó dún.

Àmọ́ o, òkìkí àìsàn kì í dúró sójú kan. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń dé. Ní ìlú wa, ẹni tí kò bá wá kí aláìsàn, òun ni ọ̀tá. Ẹni tó bá sì wá, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó wá. "Àgò o!" Ara ọkọ mi gan. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ara á yá o, Ògúndélé!" Ara rẹ̀ tún gan. Ọ̀kan yọjú wọ yàrá, ó rí eyín rẹ̀, ó fi ayọ̀ kígbe pé, "Ó ti ń rẹ́rìn-ín! Ara rẹ̀ ti yá!" Kí n tó lè dá a dúró, ọkọ mi ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ.

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ìka sí ètè, mo ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó tó ní kí a má kí ọkọ òun, kí ló fẹ́ fi pamọ́? Ó fi í sínú òkùnkùn, kò fún un lóúnjẹ. Mo wá mọ̀ pé bí ọkọ mi bá kú, èmi ni wọn yóò sọ pé mo pa á. Bàbá Kékeré ti gbé àgbo dé, wọ́n mú ṣíbí lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ṣíbí náà la eyín rẹ̀ kí wọ́n lè da àgbo sí i. Mo na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò lè gbé nǹkan mì. Ọ̀nà èémí ni yóò gbà." Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Wọ́n gbé àgbo wọn kalẹ̀ síwájú mi, wọ́n bínú lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé dókítà kò ní padà wá lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú ni Ìyá Kpoulou dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni wọ́n, Kpoulou ni wọ́n ti ń gbé nílé ọkọ. Àwọn ló pọn ọkọ mi dàgbà, nítorí náà ìyá ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún mi. Kò sí ẹni tó mọ oríkì ilé wa bí wọn. Bí wọ́n bá ń pe oríkì, òkú inú sàréè fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ láti Kpoulou, ìró wọn tutù dé itan. Wọn kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ni èmi tí n ó dá ìyá ọkọ mi dúró? Wọ́n ti mi sápá kan, wọ́n wọlé, wọ́n rí àbúrò wọn nínú òkùnkùn, eyín rẹ̀ funfun síta.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń ṣe tí èèyàn bá ń lọ. A máa ń pè é ni. A máa ń ké orúkọ rẹ̀ tagbáratagbára kó lè bojú wẹ̀yìn. Ohun tí Ìyá Kpoulou ṣe nìyẹn. Wọ́n figbe ta:

"Àkànní! Ọmọ a-gun-ọ̀pẹ-má-wolẹ̀! Ọmọ ẹlẹ́mu tí í bu ẹmu fálejò mu kó tó bi í lórúkọ! Àkànní, padà!"

Ọkọ mi tẹ̀ kúrò nílẹ̀. Orí rẹ̀ àti gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ẹní. Ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ di àwọ̀ aró. Ìyá Kpoulou rí i, wọ́n rò pé ó túbọ̀ ń jìnnà ni, wọ́n wá gbé ohùn sókè sí i. Bí wọ́n ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ké. Mo ń wò wọ́n, ó sì yé mi kedere pé ìfẹ́ ló fẹ́ pa ọkọ mi lójú mi yìí. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ dákẹ́." Wọn kò gbọ́. Mo fà wọ́n láṣọ. Wọn kò gbọ́.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi bo ẹnu ìyá ọkọ mi, mo sì dì í mú.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tí n kò gbọdọ̀ pè lórúkọ, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí láàárọ̀, ẹni tó lè ní kí wọ́n kó ẹrù mi síta. Ojú wọn là sí mi lókè ọwọ́ mi. Èémí wọn gbóná lára àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ọkọ mi rọra balẹ̀ sórí ẹní. Èémí rẹ̀ padà. Ojú Ìyá Kpoulou kúrò lára mi, ó lọ sára rẹ̀, ó tún padà sọ́dọ̀ mi. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Wọ́n jáde.

Mo rò pé ó parí fún mi. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí bàbá ọkọ mi, Bàbá Àgbà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ìdí igi obì lẹ́yìnkùlé. Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, wọ́n ní èèwọ̀ ni, kí wọ́n dá mi padà sílé wa lónìí. Mo kúnlẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sọ̀rọ̀, torí ó ti mọ́ mi lára. "Bàbá, kí ẹ tó lé mi, ẹ bá mi wọlé. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn wò ó."

Bàbá Àgbà bá mi wọlé. A jókòó tí ọmọ wọn, a kò sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ dẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni igbá bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan níta. Ìró igbá lásán! Ọkọ mi tẹ̀, ó ké. Bàbá Àgbà di ọwọ́ ara wọn mú kí wọ́n má baà fi dì í mú. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n mú àdá, wọ́n jáde. Mo rí i láti ihò aṣọ fèrèsé: wọ́n ṣá màrìwò lára ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ta á dí ẹnu ọ̀nà agboolé wa láti òpó dé òpó.

Ẹ mọ ohun tí màrìwò jẹ́ fún wa. Ojúbọ ni a máa ń ta á sí. Ẹni tó bá rí i yóò dákẹ́, yóò sì padà. Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé òrìṣà ni ibí ni, àbí ọmọ yẹn ti kú?"

Bàbá Àgbà ní, "Kò kú. Ẹni tó bá fẹ́ kó yè, kó bá mi dákẹ́."

Ta ló wá jókòó sẹ́yìn màrìwò náà? Ìyá Kpoulou ni. Orí odó tí a dojú rẹ̀ dé ni wọ́n jókòó sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, wọ́n á nàka sí màrìwò, wọ́n á wá fi àtẹ́lẹwọ́ ara wọn bo ẹnu ara wọn, bí mo ṣe bò ó. Àlejò á kúnlẹ̀ díẹ̀, á padà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìkómọ ọmọ Rábíátù, aládùúgbò wa tí í ṣe ìmàle. Wọ́n ti se oúnjẹ, àwọn oníwáàsí ti ń bọ̀. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní, "Màrìwò kọ́ ni mo wò o, Ìyá Bísí. Ojú rẹ ni mo wò."

Mi ò mọ̀ pé ìlú wa lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Odó kò dún. Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán bọ́ lára ewé obì. Mo ń fún òwú mi sáàárín èjí, mo ń ka èémí ọkọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìdákẹ́jẹ́ yìí lè di ti òkú láìjẹ́ pé mo mọ ìyàtọ̀.

Ọjọ́ Ajé, mi ò gbọ́ ìró ọkọ̀. Ọ̀nà jíjìn ni dókítà ti ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń tì í bọ̀ nínú ẹrẹ̀. Dókítà rí màrìwò, ó dúró, ó bi Bàbá Àgbà bóyá òun lè kọjá. Nígbà tó wọlé tó gbọ́ èémí ọkọ mi, ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó wà láàyè. Kí lẹ ṣe?" Mo ní, "A kò kí i."

A pẹ́ ní Pobè. Nígbà mìíràn ni n ó sọ bí àpò wa ṣe gbẹ àti bí mo ṣe ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àgbọ̀n rẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín yẹn kúrò lójú rẹ̀, mo sì tún rí ọkọ mi.

Ọjọ́ tí a padà délé, gbogbo ẹbí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi fi ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin tẹríba, wọ́n dákẹ́ bí ẹran. Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ṣé mo ti kú ni, tí kò sí ẹni tó kí mi?"

Ìyá Kpoulou wà níwájú, àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣì wà lẹ́nu wọn. Èmi ni wọ́n ń wò. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ fún, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ìyàwó, ṣé kí n pè é?" Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ pè é." Wọ́n pè é débi tí adìẹ fi fò lórí àjà.

Ọ̀rẹ́ mi tí o ń kà á, ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ kò pọ̀. Bí ẹ̀gún tàbí irin bá gún ẹ lóko, má fi erùpẹ̀ dí i. Fọ̀ ọ́, kí o lọ gba abẹ́rẹ́, ì báà jinná. Bí ẹnu bá ń le, má fi í ṣàwàdà bíi tiwa. Bí ó bá sì jẹ́ ilé lo ti ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn, gba ìdákẹ́jẹ́ fún aláìsàn rẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Kí wọ́n bínú sí ọ. Ìbínú wọn yóò rọlẹ̀.

Ọkọ mi ń bẹ láyé. Kì í gun ọ̀pẹ mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ le díẹ̀, bí odó bá sì dún lójijì, àwa méjèèjì la máa ń ta gìrì. Ó ń jẹ ẹ̀kọ, ó ń jẹ àkàrà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo lu ìyá ọkọ. Ìyá Kpoulou ti darúgbó, ohùn wọn ṣì le. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà wa, wọ́n á mí kanlẹ̀ láti pe àbúrò wọn. Ṣùgbọ́n títí di òní, kí wọ́n tó la ẹnu, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.